Amí àti Oníjó: Ìfẹ́ àti Àṣírí nínú Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

Irú ìtàn kan wà tí àwọn òǹkàwé fẹ́ràn púpọ̀. Wọ́n rán amí kan pé kí ó lọ máa ṣọ́ oníjó kan. Amí pa orúkọ dà, ó pa iṣẹ́ dà, ó sì wọ inú agbo lọ bí ẹni pé ọmọ agbo ni. Kò pẹ́ tí ọkàn rẹ̀ fi fà sí ẹni tí wọ́n ní kí ó máa ṣọ́. Bí ó bá wá jẹ́ pé ọkùnrin ni amí, tí oníjó náà sì jẹ́ ọkùnrin, àṣírí di méjì nínú ìtàn kan ṣoṣo: àṣírí iṣẹ́ àti àṣírí ìfẹ́. Bí irú ìwé báyìí bá bọ́ sí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí olùkọ́ kọ́kọ́ ń sọ ni pé ìtàn òyìnbó ni, kò sí ohun tí ó kan Yorùbá níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ọ̀yọ́ dáadáa kò ní yára sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Ìgbòho ṣì jẹ́ olú-ìlú Ọ̀yọ́, Aláàfin Abípa pinnu láti kó ìjọba padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè tí Ìgbòho ti mọ́ lára kò fẹ́. Wọn kò dìtẹ̀ ní gbangba. Eré ni wọ́n ṣe. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, wọ́n yan àwọn ènìyàn tí ìrísí wọn yàtọ̀: abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá, arọ, àti ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ yọ síwájú. Wọ́n rán wọn níkọ̀kọ̀ lọ sí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn a mú iná lọ́wọ́, wọn a máa rìn káàkiri orí òkè, wọn a sì máa ké pé kò sí àyè. Àwọn tí ọba rán lọ wo ilẹ̀ gbọ́ igbe náà, wọ́n sá padà, wọ́n ní iwin ti gba ìlú.

Ẹnì kan tú àṣírí náà sí ọba létí. Ọba kò pariwo. Ó rán àwọn ọdẹ pé kí wọ́n lọ ṣọ́ àwọn iwin náà kí wọ́n sì mú wọn wá. Àwọn ọdẹ lọ, wọ́n lúgọ, wọ́n sì mú wọn láàyè. Ní ọjọ́ tí àwọn ìjòyè pé jọ sí ààfin, tí ó tó àkókò láti mutí, àwọn iwin yìí náà ni wọ́n gbé ọtí jáde, kálukú sí iwájú ọ̀gá tí ó rán an. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe Abípa ní Ọba M'ọ̀rọ̀, ọba tí ó mú iwin.

Àwọn onímọ̀ nípa eré ilẹ̀ wa, pàápàá Joel Adédèjì tí ó fi eré Alárìnjó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1969, so ìbẹ̀rẹ̀ eré egúngún mọ́ ọ̀ràn yìí. Ẹ kíyèsí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn òṣèré díbọ́n, àwọn amí sì ń ṣọ́ wọn. Ẹni tí ó mọ àṣírí kò nílò idà mọ́: ó gbé ọtí kalẹ̀ lásán, gbogbo ìjòyè sì mọ̀ pé ọwọ́ ti tẹ àwọn. Johnson kò sọ fún wa iye òru tí àwọn ọdẹ náà fi dùbúlẹ̀ nínú igbó tí wọ́n ń wo arọ àti aràrá tí ń ṣeré nínú ìmọ́lẹ̀ iná, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ bóyá àánú wọn ṣe ọdẹ kankan. Ìwé ìtàn ìlú kì í sábà béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìtàn àròsọ ni í béèrè rẹ̀.

Ọ̀ràn Mọremí náà rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọmọ ilé-ìwé ni ó mọ̀ pé ó jẹ́ kí àwọn tí ń fi ìmọ̀ bojú wá jà Ifẹ̀ lógun kó òun lẹ́rú, pé ó di aya ọba wọn, ó mọ àṣírí wọn, ó sì sá padà wálé láti tú u. Amí gidi ni Mọremí í ṣe, ìfẹ́ ọba sì ni ọ̀nà tí ó gbà dé ìdí àṣírí. A ti yìn ín, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti béèrè nípa òwúrọ̀ tí ọba náà jí tí kò rí ìyàwó rẹ̀ mọ́? Bí a bá rò pé Mọremí kò ní ojú àánú kan fún un rárá, a ti sọ ọ́ di ère.

Ìbéèrè yìí gan-an ni ìtàn amí àti oníjó dúró lé: bí ẹni tí a rán bá fẹ́ràn ẹni tí a rán an sí, ta ni yóò dà? Ilẹ̀ tí a ti lè béèrè rẹ̀ dáadáa ni Ìkòyí-Ilé, ní àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó jẹ́ olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Oríire lónìí. Ní ayé Ọ̀yọ́ àtijọ́, Oníkòyí ni olórí àwọn ọba Ẹkùn Òsì, orúkọ Ìkòyí kò sì ṣeé yà kúrò lára orúkọ àwọn Ẹ̀ṣọ́, àwọn jagunjagun tí wọ́n kà á sí èèwọ̀ kí ọfà bá wọn lẹ́yìn. Iwájú ni ti wọn. Ẹni tí ó dàgbà nínú irú oríkì bẹ́ẹ̀, tí a wá rán níṣẹ́ ìkọ̀kọ̀, tí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni yóò ti dé bá ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e, ìyà ọkàn rẹ̀ kò ní kéré.

Agbo eré ni ọ̀nà kejì tí ìtàn yìí fi bá ilẹ̀ Ọ̀yọ́ mu. Nígbà tí Hugh Clapperton àti Richard Lander dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, Aláàfin fi eré egúngún dá wọn lára yá. Wọ́n rí ẹni tí ó di erè láti inú àpò, wọ́n sì rí ẹni tí ó di òyìnbó, tí ó funfun, tí ó rù, tí òtútù ń mú, tí àwọn ènìyàn sì ń rẹ́rìn-ín. Nínú irú eré Alárìnjó bẹ́ẹ̀, ọkùnrin a máa bọ́ sínú ẹ̀wù obìnrin, yóò rìn bí ìyàwó, yóò yọ ìdí, gbogbo agbo yóò sì gbà á. Àwọn òǹwòran mọ̀ pé ọkùnrin ni; mímọ̀ tí wọ́n mọ̀ náà wà nínú adùn eré. Bákan náà ni àwọn elégùn Ṣàngó tí wọ́n jẹ́ ọkùnrin ṣe ń dirun bí obìnrin, tí wọ́n sì ń wọ aṣọ obìnrin. J. Lorand Matory, tí ó ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Ìgbòho, kọ odindi ìwé lé e lórí, tí ó jáde ní 1994.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níhìn-ín. Irun dídì elégùn kò jẹ́rìí sí ohun tí ó wà ní ọkàn ẹnikẹ́ni, ẹni tí ó bá sì ń fi í ṣe ẹ̀rí pé báyìí báyìí ni ìfẹ́ rí láyé àtijọ́ ń sọ ju ohun tí ó mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ojú Yorùbá kò rí ọkùnrin tí ó rọra jó bí obìnrin rí títí òyìnbó fi dé, irọ́ ni òun náà ń pa. Ojú agbo ti rí i tipẹ́. Ìjọba náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣọ́ agbo: ní 1964 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ eré Hubert Ògúndé nítorí eré rẹ̀ *Yorùbá Ronú*, ọdún 1966 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Lókè òkun, ìtàn amí àti oníjó ti ṣẹlẹ̀ lójúkojú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Mata Hari, oníjó ọmọ ilẹ̀ Họ́láǹdì tí àwọn Faransé yìnbọn pa ní oṣù kẹwàá 1917 pé ó ṣe amí fún Jámánì. Èyí tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù ni ti Josephine Baker, oníjó ọmọ Amẹ́ríkà tí ó di ará Faransé. Ní 1939, Jacques Abtey, òṣìṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Faransé, tọ̀ ọ́ lọ láti mọ̀ bóyá ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Nígbà tí Jámánì gba Faransé, Abtey bá a rìn lọ sí Lisbon ní 1940, ó ń díbọ́n bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ọ̀dà tí ojú kò rí kọ sì wà lórí ìwé orin oníjó náà. Àwọn asọ́bodè kò wo ìwé orin. Ojú oníjó ni wọ́n ń wò. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ni ó gbà pé àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn. Ti wọn dára nítorí pé ọ̀gá kan náà ni àwọn méjèèjì ń sìn.

Ti Bernard Boursicot kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí ó dé Beijing ní 1964 láti ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó ní ilé aṣojú ìjọba Faransé. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé Shi Pei Pu, òṣèré eré ìbílẹ̀ Ṣáínà, eré tí orin àti ijó jùmọ̀ gbé ró, tí ọkùnrin sì ti ń ṣe ipò obìnrin nínú rẹ̀ láti ayébáyé. Aṣọ ọkùnrin ni Shi wọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n di ọ̀rẹ́, Boursicot gbà gbọ́ pé obìnrin ni Shi, tí àwọn òbí rẹ̀ tọ́ bí ọmọkùnrin. Ó tilẹ̀ gbà pé ọmọkùnrin kan tí Shi fi hàn án jẹ́ ọmọ tí òun bí. Nígbà tí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ṣáínà rí okùn yìí, wọ́n fà á. Boursicot bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé ìjọba fún wọn kí ó lè máa rí olólùfẹ́ rẹ̀, ní Beijing lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà láti ilẹ̀ Mongolia.

Ní 1982, Shi àti ọmọ náà dé Paris. Ní 1983, ọwọ́ tẹ àwọn méjèèjì. Dókítà yẹ Shi wò, ó ní ọkùnrin ni. Boursicot gbọ́ ọ nínú àtìmọ́lé, ó sì gbìyànjú láti gé ara rẹ̀ lọ́rùn. Ní 1986, ilé ẹjọ́ sọ àwọn méjèèjì sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà mẹ́fà, ṣùgbọ́n wọ́n ti jáde kí 1987 tó parí. David Henry Hwang, ọmọ Ṣáínà ní Amẹ́ríkà, fi ìtàn náà kọ eré *M. Butterfly*, tí ó dé orí ìtàgé ní 1988. Shi kú sí Paris ní 2009. Ilé ẹjọ́ ka iye ìwé tí ó sọnù, ó sì dájọ́ wọn. Bóyá Shi fẹ́ràn Boursicot, tàbí iṣẹ́ ni ó ń ṣe, kò sí adájọ́ tí ó lè kọ ọ́ sílẹ̀. Eré ni ó gbìyànjú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú ọ̀ràn John Vassall, akọ̀wé ní ilé aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Moscow. Ọkùnrin tí ó fẹ́ràn ọkùnrin ni. Ní 1954, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Rọ́ṣíà ṣètò àpèjẹ kan fún un, wọ́n fún un lọ́tí, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, wọ́n sì fi fọ́tò náà dẹ́rù bà á. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ka ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, nítorí náà Vassall kò lè fẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni nílé. Ó ń kó àṣírí fún wọn títí ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́ ní 1962, a sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjìdínlógún fún un. Ní 1967 ni wọ́n yí òfin náà padà ní England àti Wales. Òfin tí a ní ó wà fún ìwà rere ni ó fi okùn sí ọ̀tá lọ́wọ́.

Irú òfin kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí gúúsù Nàìjíríà ń lò láti 1916. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin mìíràn tí ó dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá fún ìgbéyàwó láàárín akọ àti akọ tàbí abo àti abo, àti ọdún mẹ́wàá fún ẹni tí ó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni gbogbo ìlú mọ̀: àwọn kan ń díbọ́n bí olólùfẹ́ lórí ẹ̀rọ, wọn a pe ọ̀dọ́kùnrin wá sí ilé, wọn a lù ú, wọn a sì gba owó rẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò ní lè dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ìdí nìyí tí ìtàn amí àti oníjó kò fi lè jẹ́ eré ọwọ́ lásán bí a bá kọ ọ́ ní èdè Yorùbá. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ láti ẹnu ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ béèrè bóyá amí ni.

Àwọn àgbà òǹkọ̀wé wa ti pèsè irinṣẹ́ sílẹ̀. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ọmọ Ọ̀yọ́, gbé Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, jáde nínú *Àjà Ló Lẹrù* ní 1969, Kọ́lá Akínlàdé sì fi Akin Olúṣínà ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú *Owó Ẹ̀jẹ̀* ní 1976. Ọ̀ràn owó, olè àti ẹ̀jẹ̀ ni ó ká wọn lára ju ìfẹ́ lọ. Lára àwọn tí ń kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Wọlé Ṣóyínká ti fi Joe Golder, akọrin tí ó fẹ́ràn ọkùnrin, sínú *The Interpreters* ní 1965, Jude Dibia sì fi irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣe olú ẹ̀dá ìtàn nínú *Walking with Shadows* ní 2005. Olùkọ́ tí ó ń bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀ lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì, kí ó rántí pé ìwé ìtàn kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ kọ ọ́, kí ó sì gbé e ka Ìkòyí-Ilé. Ohun tí ó mú amí wá gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe bọ́ǹbù. Ère ìdí òrìṣà ń sọnù ní àwọn abúlé, àwọn kan sì ń tà á sí òkè òkun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1979 lórí ohun àbáláyé lòdì sí i. Ọlọ́pàá fura sí ẹgbẹ́ oníjó bàtá kan tí ń ti ìlú dé ìlú, nítorí pé ẹni tí ó bá ń gbé àpótí ẹ̀kú àti ìlù kiri, ta ni yóò tú ẹrù rẹ̀ wò? Wọ́n rán ọ̀dọ́ ọlọ́pàá inú kan wọ ẹgbẹ́ náà, ó ní awakọ̀ ni òun. Ó ń gbé wọn ti Ìkòyí-Ilé lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń gbé wọn bọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni ó ń kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀.

Bàtá ni yóò ṣe wàhálà fún un. Dùndún ń sọ̀rọ̀ kedere, ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá lè gbọ́ ọ. Bàtá ní tirẹ̀ a máa kólòlò, àwọn àyàn a sì tún máa fi ẹnà bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, tí ọmọ ilé nìkan fi í gbọ́. Amí náà ń jókòó láàárín ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́. Oníjó tí orúkọ rẹ̀ wà lókè ìwé ìfura ni ó wá ń kọ́ ọ, ní alẹ́, lẹ́yìn eré, ó ń fi ìka lu àyà mọ́tò, ó ń ní kí ó tún un pè. Bí awakọ̀ ṣe ń gbọ́ ẹnà sí i ni ìròyìn rẹ̀ ń kúrú sí i. Òǹkọ̀wé tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní sọ pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Yóò fi ìwé ìròyìn hàn wá: ojú ewé mẹ́ta ní oṣù kìíní, ìlà mẹ́rin ní oṣù kẹta.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti há. Bí amí bá kọ òótọ́ pé oníjó kò mọ nǹkan kan nípa ère, pé ọ̀gá ẹgbẹ́ ni ó ń tà á, ọ̀gá iṣẹ́ yóò béèrè bí ó ṣe mọ ọkàn oníjó tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, wọn yóò kó gbogbo ẹgbẹ́ náà. Bí ó bá sì tú ara rẹ̀ sílẹ̀ fún oníjó, oníjó yóò mọ̀ pé gbogbo alẹ́ tí òun fi kọ́ ọ ní ẹnà, ẹni tí ó lè fi òun sẹ́wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì ni ó jókòó níwájú òun: nítorí ère tí òun kò jí, àti nítorí ìfẹ́.

Ó wá ku ọjọ́ ọdún egúngún. Ọjà Ìkòyí-Ilé kún, eruku ń sọ, oníjó wà láàárín agbo. Ìyáàlù bàtá yí ohùn padà lójijì. Àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́, ìlù lásán ni wọ́n gbọ́. Ènìyàn mẹ́rin péré ni ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà pé amí ni awakọ̀: onílù, ọ̀gá ẹgbẹ́, oníjó, àti awakọ̀ fúnra rẹ̀ tí ó dúró ti mọ́tò rẹ̀, nítorí pé oníjó ti kọ́ ọ. Nínú ijó bàtá, ẹsẹ̀ oníjó ni í dá ìlù lóhùn, kò sì gbọdọ̀ pẹ́. Oníjó wo apá ibi tí mọ́tò wà, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè.